Lọ́rì Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà: Ẹ Yẹ Ọ̀nà Epo Wò Kí Ẹ Tó Yá Owó Ẹ́ńjìnnì

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, ẹ̀yin ìyá wa ọlọ́jà Mile 12 àti Kétu, ẹ̀yin bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa onílọ́rì, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lóṣù yìí, mo mọ̀ pé yóò bí àwọn kan nínú. Kò burú. Kì í ṣe kíkọ orúkọ ẹni tó san owó àti ẹni tí kò san nìkan ni iṣẹ́ akọ̀wé.

Láàárín oṣù mẹ́fà, ìwé ẹ̀yáwó mẹ́rin ló ti dé iwájú ìgbìmọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì lọ́rì. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wí: ẹ́ńjìnnì ń kú lójú ọ̀nà, wọ́n fẹ́ tú u palẹ̀, tàbí wọ́n fẹ́ ra tòkúnbọ̀. Owó ńlá ni. Owó yìí kan náà ni ẹni tó ń ta ata lórí àtẹ ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èrò tèmi ni pé kí ìgbìmọ̀ má fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ mọ́, àfi bí ẹni tó mú un wá bá fi hàn wá pé wọ́n ti yẹ ọ̀nà epo lọ́rì náà wò láti ẹnu táńkì títí dé ẹnu pọ́ńpù. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó mú mi dé ibẹ̀.

Lọ́rì kan wà láàárín wa, Mercedes 911 àtijọ́, onímú yíyọ tí gbogbo wa mọ̀. Ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Ẹ́núgù bẹ̀rẹ̀ sí í to lọ́rì Mercedes pọ̀ nílẹ̀ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ orí èyí tí mò ń wí yìí. Tòmátò àti tàtàṣé ló ń kó láti Kánò wá sí Mile 12, ìrìn àjò tó tó nǹkan bí 1,000 kìlómítà. Tòmátò inú apẹ̀rẹ̀ kò sì mọ àwáwí.

Lọ́rì yìí á rìn dáadáa fún bíi wákàtí kan. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí gulegule, agbára rẹ̀ á dínkù, á kú. Wọ́n á sinmi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n á tún sáná sí i, á jí bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Lọ́jọ́ kan, ìgbà mẹ́fà ló kú láàárín Ìbàdàn sí Èkó. Kó tó wọ Mile 12, ọjà ti tú, omi tòmátò sì ń ṣàn lábẹ́ ọkọ̀. Ìyá mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ló ní ẹrù nínú rẹ̀.

Onílọ́rì gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ìyẹn ní pọ́ńpù ni. Wọ́n tú pọ́ńpù, wọ́n pààrọ̀ nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó tún kú. Ó kàn sí rewáyà, ìyẹn pààrọ̀ bátìrì àti wáyà, ó tún kú. Ẹlòmíì ní ẹ́ńjìnnì ti gbó, kí wọ́n tú u palẹ̀. Nígbà tí gbogbo èyí ń lọ, wọ́n ti dá dírẹ́bà dúró pé ó ń fa dísẹ́ẹ̀lì tà. Èmi alára dìde nípàdé, mo ní dírẹ́bà ayé ìsinsìnyí kò ṣeé gbọ́kàn lé. Ó wà nínú ìwé ìpàdé, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́.

Kí ìgbìmọ̀ tó jókòó lórí owó ẹ́ńjìnnì náà, bàbá àgbà mẹkáníìkì kan ní Tipper Garage ní Kétu bi wá ní ìbéèrè kan ṣoṣo: nígbà tó bá kú, ṣé ẹ ti ṣí ìdérí táńkì kí ẹ gbọ́ bóyá ó mí? A ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wa lọ́rì náà títí ó fi kú, wọ́n ṣí táńkì. Fììì! Afẹ́fẹ́ ya wọlé, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ojúlówó ìdérí ni wọ́n ti jí láti ọjọ́ pípẹ́, ẹnìkan wá fi nílọ́ọ̀nù dí ẹnu táńkì, ó fi rọ́bà dè é pinpin.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá lu ihò kan ṣoṣo sí agolo mílíkì, mílíkì kò ní dà dáadáa, ihò kejì ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni táńkì. Bí epo bá ṣe ń jáde, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ máa rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá rí ọ̀nà wọlé, pọ́ńpù á fà títí, kò ní rí epo fà mọ́, ẹ́ńjìnnì á kú. Tí ẹ bá wá dúró díẹ̀, afẹ́fẹ́ á yọ́ wọlé lábẹ́ nílọ́ọ̀nù yẹn, ọkọ̀ á tún jí. Ohun tó gba ọkọ̀ náà là ni ìdérí tó ní ihò mímí.

Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì, ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo kà mọ. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni mo ti ń béèrè ọ̀rọ̀. Ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Rudolf Diesel ló gbé irú ẹ́ńjìnnì yìí jáde, èyí tó ṣiṣẹ́ yanjú sì parí ní 1897. Kò ní plọ́ọ̀gì bíi ti pẹtiróòlù. Ó ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí yóò fi gbóná janjan, epo tí nọ́sù bá fọ́n sínú ooru yẹn á gbiná fúnra rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tó bá ti jí, iná bátìrì kò níṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, àyàfi bí wọ́n bá lo iná láti fi máa pa á. Kí wá ni a fẹ́ fi bátìrì tuntun ṣe, jàre?

Ìdánwò tó wù mí jù lọ ni ti kẹ́ẹ̀gì. Nínú ọgbà ni kí ẹ ti ṣe é o, kì í ṣe ojú títì, ẹ sì jẹ́ kí ó jìnnà sí sàlẹ́ńsà tó gbóná. Ẹ rọ dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, ẹ gbé e síbi tó ga díẹ̀, kí ó dúró dáadáa. Ẹ tú rọ́bà tó ti táńkì wá, kí pọ́ńpù kékeré máa fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì, kí rọ́bà tí epo àjẹkù ń gbà padà náà wọ inú rẹ̀. Ẹ ti afẹ́fẹ́ jáde: ẹ dẹ bóòtù kékeré orí fílítà, ẹ máa fi ọwọ́ pọn pọ́ńpù náà títí epo yóò fi jáde láìsí ìfóófò, kí ẹ tó dè é padà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ báyìí láìkú, ẹ má fọwọ́ kan pọ́ńpù ńlá, ẹ má fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Inú táńkì tàbí rọ́bà ni àrùn wà.

Rọ́bà yìí ló ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. Láti táńkì dé pọ́ńpù kékeré, fífà ni wọ́n ń fa epo, wọn kì í tì í. Ibi tó bá là níbẹ̀ lè má kán epo sílẹ̀ rárá, afẹ́fẹ́ ni yóò máa fà sínú. Ẹ ó wò ó, ẹ ó ní ó gbẹ, ó dáa. Ẹ fi rọ́bà tó mọ́ gaara sí àárín rẹ̀ kí ẹ lè rí ìfóófò bó bá ń kọjá.

Ti omi kò le. Ẹ gba dísẹ́ẹ̀lì láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò, kí ó sùn. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìsàlẹ̀ ni ẹ ó ti bá a. Bí ọkọ̀ bá ń rú èéfín dúdú kó tó kú, ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́. Bó bá kú lójijì bí ẹni pa á, ẹ wo okùn tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì, ó lè má padà sí àyè rẹ̀ tán.

N kò sọ pé ẹ́ńjìnnì kì í gbó. Èyí tó ń ṣòroó jí láàárọ̀, tó ń mu ọ́ìlì, tí èéfín ń tú jáde níbi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó ti tó tú. Ẹ mú irú ìyẹn wá, a ó fi owó ràn yín lọ́wọ́. Àwọn kan tún ní kí a jáwọ́ lọ́rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́, kí a ra tuntun. Ṣé ti oníkọ̀ǹpútà? Ẹni tí omi inú dísẹ́ẹ̀lì bá ba nọ́sù irú ìyẹn jẹ́, kó wá bá wa sọ iye tó ná. Lóòótọ́, èéfín àwọn àtijọ́ yìí kò dáa fún àyà àwa tí a ń gbé Gbàgádà, mi ò jiyàn ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ààbò náà wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń pọn afẹ́fẹ́ tí ọ̀pọ̀ lọ́rì ńlá fi ń di bíréèkì mú. Bó bá kú lórí òkè, kí ọmọ-mọ́tò tètè há igi sí táyà. Bó bá sì kú lójú títì Gbàgádà sí Oshòdì, LASTMA tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 2000 kò ní béèrè bóyá tòmátò ló kó.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ gbé wá sípàdé. Kí ìwé àyẹ̀wò kan máa bá ìwé ẹ̀yáwó ẹ́ńjìnnì rìn, kí mẹkáníìkì tó máa kọ ọ́ má sì jẹ́ ẹni tí yóò gba iṣẹ́ títú náà. Kí ẹgbẹ́ ra kẹ́ẹ̀gì méjì àti rọ́bà tó mọ́ gaara sí ọ́fíìsì, kí ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ wá yá a. Kí ẹni tó kàn fẹ́ owó fílítà àti rọ́bà máa rí i gbà lọ́jọ́ kan náà, kí a má ní kó lọ wá onígbọ̀wọ́ méjì.

Ó ku ti dírẹ́bà yẹn. Ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló fi jókòó sílé láìgba owó, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípa rẹ̀ sì ṣì wà nínú ìwé wa. Mo fẹ́ kí a fagi lé e lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, kí a sì bá ọ̀gá lọ́rì sọ̀rọ̀ lórí owó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà. Ìpàdé ń bọ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá òwúrọ̀. Mo ti ní kí dírẹ́bà náà wá jókòó síwájú.