Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Fi Omi Ṣeré

Iná ò sí ní Ọmọ́lé níbí lọ́jọ́ Sátidé, ni àwọn ọmọ àbúrò mi méjèèjì bá wá jókòó tì mí ní kíṣìnì. Èyí ẹ̀gbọ́n wà ní SS1. Mo ní kó sọ ohun tí surface tension jẹ́ fún mi. Ó kà á bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì, kò ṣi ọ̀rọ̀ kan. Mo wá gbé abọ́ omi síwájú ẹ̀, mo mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ.

“Tí mo bá rọra gbé e lé ojú omi, ṣé ó máa rì?”

“Ànńtí, irin mà ni. Ó máa rì ni.”

Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Ọmọ kọ́ ọ̀rọ̀ sórí, kò sì gbà á gbọ́.

Abẹ́rẹ́ rì lóòótọ́. Ìkejì rì. Ìkẹta náà rì, ojú ti ń tì mí. Àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló ní, “Ànńtí, ṣé kì í ṣe abọ́ tí mo fọ̀ láàárọ̀ nìyẹn?” Kò ṣan ọṣẹ kúrò lára ẹ̀ dáadáa! A mú abọ́ mìíràn, a ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹ́ta. A tẹ́ tíṣù pélébé sójú omi, a gbé abẹ́rẹ́ lé e. Tíṣù mu omi yó, ó rì, abẹ́rẹ́ dúró. Ariwo tí wọ́n pa! (Ẹ má fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ fún ọmọdé o. Kílíìpù ìwé náà máa ń dúró.)

Àwọn mólékù omi máa ń fa ara wọn mọ́ra. Èyí tó wà nínú omi ní alábàágbé yí ká; èyí tó wà lójú omi kò ní ẹnì kankan lókè, ẹ̀gbẹ́ àti ìsàlẹ̀ nìkan ló ń fà á. Ojú omi á wá le bí awọ ìlù tí wọ́n fà. Irin wúwo ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́jọ, kò léfòó bí ọkọ̀ ojú omi. Orí awọ yẹn ló dùbúlẹ̀ sí. Ọṣẹ ló ń dẹ awọ náà. Ká ní abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ti dúró ni, a ì bá má tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni tíṣà, ìtumọ̀ inú ìwé ló máa kẹ́yìn.

Agnes Pockels, ará Jámánì tí wọ́n bí ní 1862, kò lọ sí yunifásítì, torí wọn kì í gba obìnrin nígbà yẹn. Kíṣìnì ilé wọn ló ti ń wọn agbára ojú omi, àti bí ìdọ̀tí ṣe ń dín in kù. Ó kọ lẹ́tà sí Lord Rayleigh ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ló sì fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Nature, tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1891. Àwa ńkọ́? A ń sanwó fún tíṣà tó ń wá kọ́ ọmọ nílé, ṣùgbọ́n tọ́mọ bá fọwọ́ kan omi, “O ò ní fi omi yẹn sílẹ̀!”

Mo mú wọn lọ sídìí ike kan lẹ́yìn ilé tí omi òjò ti dúró sí. Tanwíjí kún ibẹ̀, wọ́n dorí kodò, wọ́n fi ìrù so rọ̀ mọ́ ojú omi, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mí. A bu díẹ̀ sínú ife, a kán ọṣẹ olómi sí i. Wọn ò rí ibi dì mú mọ́. Wọ́n ń gòkè, wọ́n ń rì.

Èyí ẹ̀gbọ́n tẹjú mọ́ ife yẹn fún ìgbà pípẹ́. “Ànńtí, ṣé ká da ọṣẹ sí gbogbo gọ́tà àdúgbò ni?”

Mo ní dída omi náà nù ló dáa jù. Kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ṣì ń bá mi jiyàn nígbà tí iná dé.