Agbára Ẹni Tó Kọ̀ Jálẹ̀

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìrẹ́pọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí wá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù wà nínú rẹ̀ fún aláṣẹ: bí ọmọdé bá kọ̀ tí kò na ọwọ́, àgbà kò ní rí ohun inú akèrègbè mú jáde. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ìkọ̀jálẹ̀ tí kò pariwo nínú ìwé ìtàn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ọ̀rọ̀ òṣèlú pọ́ńbélé ni.

Ẹ wo Bartleby, akọ̀wé inú ìtàn tí Herman Melville ará Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 1853. Ìwé òfin ló ń fọwọ́ dà kọ fún lọ́yà kan ní Wall Street, ní New York, tọ̀sán-tòru ló sì fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tó kọ́kọ́ dé. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá pè é kó wá bá òun yẹ àdàkọ wò. Ó fi pẹ̀lẹ́ sọ pé òun kò fẹ́. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò fọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó pa ìwé kíkọ pàápàá tì. Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́, ó fowó lọ̀ ọ́ kó lè máa lọ, kò lọ. Níkẹyìn, ọ̀gá ló kó ọ́fíìsì tirẹ̀ kúrò níbẹ̀! Ká ní Bartleby jà ni, wọn ìbá ti tètè pe ọlọ́pàá. Ká ní owó ló ń béèrè, wọn ìbá dúnàá-dúrà. Ẹni tí kò jà, tí kò sì tọrọ, ni àṣẹ kò rí ibi dì mú.

Àwọn kan yóò ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ṣebí wọ́n padà gbé Bartleby lọ sẹ́wọ̀n, ibẹ̀ ló sì kú sí, lẹ́yìn tó kọ oúnjẹ. Irú àríwísí yìí ni òǹkọ̀wé Nadine Gordimer ṣe sí ìwé J. M. Coetzee, ọmọ Gúúsù Áfíríkà bíi tirẹ̀, tó ń jẹ́ Life & Times of Michael K, tó jáde ní 1983. Michael K, akọni ìwé náà, kò jẹ oúnjẹ àgọ́ tí wọ́n há a mọ́, kò sì jọ̀wọ́ ìtàn ara rẹ̀ fún dókítà tó ń bi í léèrè. Gordimer ní ìwé náà fojú fo ìjà tí àwọn tí ìjọba ń ni lára ń jà fún ara wọn.

Ẹ̀sùn náà wúwo, nítorí ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ìkọ̀jálẹ̀ ẹnìkan kò lè wó ìjọba. Ṣùgbọ́n ó máa ń ràn. Ọ̀rọ̀ Bartleby wọ ẹnu àwọn akọ̀wé yòókù, ó wọ ẹnu ọ̀gá fúnra rẹ̀. Dókítà tó yẹ kó tún Michael K ṣe ló wá ń fọkàn tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni iyèméjì ti ń wọ inú àwọn tí àṣẹ gbára lé.

Nítorí náà, ẹni tó ka irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó ń béèrè ohun tí akọni rí gbà kò tíì béèrè ohun tó yẹ. Kó béèrè pé iṣẹ́ ta ni wọ́n ní kó ṣe, ta ni yóò jèrè rẹ̀, àti èé ṣe tí àwa yòókù fi ń ṣe é láìjanpata.