Ẹ Tún Pọ́ǹpù Ṣe, Ẹ Yé Dá Wa Lẹ́bi

Olóòtú,

Ọ̀gá kan sọ lórí rédíò lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àwa tí à ń gbé FESTAC la fọwọ́ ara wa fa ẹ̀gbin tó ń ru wọlé wa, pé à ń ju ọ̀rá àti ìlédìí ọmọ sínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Inú mi ò tíì rọ̀ láti ìgbà náà.

Gbogbo ẹni tó bá ń gbé ìsàlẹ̀ ilé níbí mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ Sunday tí a fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọmọ-ọmọ mi. Ìkòkò ọbẹ̀ ti wà lórí iná, ìyàwó ọmọ mi ń fọ́mọ lọ́yàn nínú yàrá, ni mo bá gbọ́ tí nǹkan ń hó nínú balùwẹ̀. Kí n tó débẹ̀, ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà jáde ti ń pọ omi dúdú, àwo ìgbọ̀nsẹ̀ sì ti kún dé etí. Èèpo ẹ̀wà ń léfòó lórí ẹ̀. Olóòtú, a ò se ẹ̀wà nílé wa lọ́sẹ̀ náà! Ẹ̀gbin àdúgbò ni. Ó gba ọ̀ọ̀dẹ̀ kọjá, ó wọ pálọ̀, ó ba kápẹ́ẹ̀tì jẹ́, ó wọ abẹ́ ibùsùn bá àpótí aṣọ tí a fẹ́ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo figbe ta sí òkè pé, "Ìyá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da omi sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì o!" Wọn ò mọ nǹkan kan. Gbogbo èyí tí wọ́n bá dà lókè, ọ̀dọ̀ wa ló ń jáde sí. Ilé wọn náà la gbé ìyálọ́mọ àti ọmọ ọwọ́ sá lọ. Ọbẹ̀ tí a ti sè, ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ nínú òórùn yẹn? A dà á nù. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì tó yẹ kó gbọ́ ẹjọ́ mi, wọ́n ní kí a dáwó, kí a fi wá ẹni tí yóò gún páìpù.

Wọ́n kọ́ àwọn ilé yìí, tó lé ní 5,000, nítorí àjọ̀dún FESTAC ti ọdún 1977. Wọ́n ri páìpù sílẹ̀ fún iye èèyàn ìgbà yẹn, wọ́n sì fi pọ́ǹpù sí i tí yóò máa ti ẹ̀gbin lọ, nítorí ilẹ̀ ibí tẹ́jú, ẹ̀gbin kì í sì í gun òkè fúnra rẹ̀. Tí pọ́ǹpù bá dákẹ́, páìpù á kún, ẹ̀gbin á sì wá ihò tó rẹlẹ̀ jù lọ gbà jáde. Ihò ọ̀hún ni balùwẹ̀ mi. Lóòótọ́ àwọn kan ń ju ọ̀rá, mo sì máa ń bá wọn jà. Ṣùgbọ́n ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù, òtẹ́ẹ̀lì àti ilé alájà mẹ́rin sórí páìpù kan náà, láìfi kún un? Ṣé àwa ni?

Kí ìjọba má ṣe fọwọ́ sí ìwé ilé kíkọ́ kankan mọ́, ìbáà ṣe ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, títí pọ́ǹpù yóò fi máa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n wó gbogbo ohun tó jókòó lórí páìpù àti máńhólù, ṣọ́ọ̀ṣì tèmi náà tó bá wà níbẹ̀, lóṣù yìí. Kí ìjọba fi owó ara rẹ̀ ra ìdérí tí kì í jẹ́ kí ẹ̀gbin padà wọlé fún gbogbo fúláàtì ìsàlẹ̀. Kí wọ́n sì mú àwọn tó ń ra irin àlòkù, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ìdérí máńhólù ń lọ, tí òjò fi ń rọ́ wọ páìpù.

Omi tí à ń mu ńkọ́? Omi ẹ̀rọ ò yọ mọ́, onílé kọ̀ọ̀kan ti gbẹ́ bọ́hòlù tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páìpù tó ń jò yìí kan náà, omi rẹ̀ la sì fi ń ro ẹ̀kọ fún ọmọdé. Kí wọ́n wá yẹ omi náà wò, kí wọ́n sì dí gbogbo bọ́hòlù tí wọ́n bá bá ẹ̀gbin nínú rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá àgbà kan ní ìsàlẹ̀ ilé,
FESTAC, Èkó.