Ẹni Tó Lé Ọ̀mùtí Síta, Oore Ló Ṣe É



Bí wọ́n bá fa ènìyàn jáde nílé tẹ́tẹ́ nítorí pé ó ti mutí yó, ohun tí aráyé máa ń sọ ni pé wọ́n dójú tì í. Lójú tiwa, oore ni wọ́n ṣe é. Ẹ jẹ́ ká sọ ìdí rẹ̀.

Ní ìlú Las Vegas, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, púpọ̀ nínú àwọn ilé tẹ́tẹ́ ńláńlá kì í gba owó ọtí lọ́wọ́ ẹni tó bá ń ta tẹ́tẹ́ lọ́wọ́. Ta ni kò fẹ́ ọ̀fẹ́? Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eje lọ. Ẹni tí ọtí ń pa kì í ka owó. Òfin ìpínlẹ̀ Nevada, níbi tí Las Vegas wà, sọ pé ilé tẹ́tẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹni tó hàn gbangba pé ó ti yó máa ta tẹ́tẹ́, kò sì gbọdọ̀ fún un ní ọtí ọ̀fẹ́ mọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Terrance Watanabe, oníṣòwò ará Omaha, tó ta ilé iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ dá sílẹ̀ ní 2000. Ìwé ìròyìn Wall Street Journal gbé e jáde ní 2009 pé ní 2007 nìkan, ó pàdánù bíi mílíọ̀nù 127 dọ́là nílé tẹ́tẹ́ méjì ní Las Vegas. Steve Wynn, tó ni ilé tẹ́tẹ́ mìíràn níbẹ̀ nígbà náà, ti ní kó má wá sọ́dọ̀ òun mọ́, nítorí ọtí àti tẹ́tẹ́ tó ti wọ̀ ọ́ lẹ́wù. Watanabe ní àwọn ilé méjì yẹn ń fi ọtí kún ọtí fún òun. Àwọn náà ní òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Èyí ó wù kó jẹ́, ibi tí wọ́n ti lé e kọ́ ni owó náà rì sí. Ibi tí wọ́n ti tẹ́wọ́ gbà á ni.

Ẹlòmíràn lè ní, "Kí ló kàn wá? A kì í lọ Las Vegas." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọtí tí oníbàárà ń rà fún oníṣòwò kí wọ́n tó ná ọjà, ọmọ ìyá ti Las Vegas ni. Nígbà tí ọtí bá sì wọni lára tán lóde àríyá, owó tí a yá láti fi ra ọjà ló ń di èyí tí à ń lẹ̀ mọ́ olórin níwájú orí. Ta ni yóò san án? Onídùúró ni. Ìyá aláta tí kò tọ́ ọtí wò rí ni yóò máa fi èrè ata dí ihò tí ọtí gbẹ́.

Àbá wa nìyí. Ẹni tó bá mutí yó wá sípàdé, kó má fọwọ́ sí ìwé ẹ̀yáwó lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ olóyè ẹgbẹ́. Kí ẹni méjì sìn ín délé láìsí èébú. Níbi ìpàdé ọdọọdún, kí a ka ìṣírò owó, kí a sì dìbò tán, kí ọtí tó jáde.

Àwọn kan á ní à ń tàbùkù àgbà. Rárá o. Ẹni tó ń rọtí fún yín nígbà tó rí i pé ẹsẹ̀ yín kò ranlẹ̀ mọ́, àpò yín ló ń wò. Ẹni tó dì yín lápá mú, tó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó tó, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé," ẹ̀yin gan-an ló ń wò. Ẹ má bínú sí i.