Ẹ Jẹ́ Kí Bíréèkì Tètè Dé

Ẹ̀yin tíṣà wa, ẹ̀yin akẹẹgbẹ́ mi, bíréèkì aago 11 yìí ti pẹ́ jù.

Aago 9 alẹ́ ò ní tíì lù tí àwọn kan nínú wa á ti máa hanrun. Ojú àwọn mìíràn kì í sì í là dáadáa àfi tílé bá pa rọ́rọ́. Ọ̀lẹ là ń pe àwọn wọ̀nyí torí pé wọn kì í tètè jí. Èmi ò fara mọ́ ọn. Inú ara ni aago tó ń darí oorun wà. Lọ́dún 2017, wọ́n fún Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young, ará Amẹ́ríkà, ní ẹ̀bùn Nobel torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ẹ̀. Eṣinṣin kékeré tó máa ń bà lé èso ni wọ́n fi wádìí ẹ̀ o! Téèyàn bá sì ti ń bàlágà, aago ọ̀hún á sún sẹ́yìn, oorun ò ní tètè kùn ún mọ́.

Oúnjẹ ló ká mi lára jù. Ẹni tó pẹ́ sùn á pẹ́ jí, á sáré jáde láìjẹun. Kó tó di aago 11, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ti tán lọ́wọ́ àwọn olóúnjẹ, ó ku bisikíìtì àti pọfupọ́ọ̀fù. Lóru, táwa SS3 bá ń kàwé WAEC, Indomie àti gààrì oníṣúgà ló kù. Bẹ́ẹ̀, insulin tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ ju alẹ́ lọ. Abọ́ ìrẹsì kan náà, téèyàn bá jẹ ẹ́ lálẹ́, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ á lọ sókè ju bó ṣe máa rí láàárọ̀. Tó bá ń rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè dá kún àtọ̀gbẹ.

Ẹ wo oṣù Ramadan. Àtolóorun àárọ̀ àtolójú òru, gbogbo wọn ló ń jẹ sààrì, torí pé ilé ti jí dáná. Ìwà wọn ò yí padà, ètò ló yí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìṣẹ́jú 15 ní aago 9:15, kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò nínú bíréèkì gígùn, kíláàsì kankan ò ní dínkù. Ẹ̀yin akàwé-mọ́jú, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó ṣíwèé, ní nǹkan bí aago 7. Tó bá di òru, omi ni kẹ́ ẹ mu.