Ẹni Tó Bá Dákẹ́, Tara Rẹ̀ Á Bá A Dákẹ́

Lọ́dọọdún ni a máa ń fi ìwé yìí yin àwọn tó kọ́lé, àwọn tó joyè àti àwọn tí ọmọ wọn jáde ní yunifásítì. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú ilé wa tí àwòrán wọn kì í sí nínú ìwé yìí. Àwọn ni à ń ti ìlẹ̀kùn mọ́ bí àlejò bá dé. Àwọn ni à ń fi ọkọ̀ òru gbé padà sílé. Ọ̀rọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara wa la fẹ́ sọ lọ́dún yìí, a kò sì ní fi í sábẹ́ ahọ́n sọ.

Bí rọpárọsẹ̀ bá kọlu bàbá tó ti fi 40 ọdún ṣòwò ní Kano, ohun tí ìdílé kọ́kọ́ ń rò ni bí wọn yóò ṣe gbé e lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀fà. Bí wárápá bá ń gbé ọmọbìnrin, a ní kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, kí ọkọ má baà wọ́n ọn. Bí ọmọ bá pé ọdún mẹ́ta tí kò gbọ́ràn, a ní yóò gbọ́ bó bá yá. Bí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́ ọmọ iṣẹ́, ọ̀gá á fún un lówó ọkọ̀, ìdílé á sì dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Àṣà yìí kò dára. Àìsàn ti jẹ ẹni náà níyà, ilé tún wá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú.

Ẹ̀tọ́ wo nìyẹn? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka yíya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ léèwọ̀ ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé afọ́jú, arọ àti adití nìkan ni òfin náà wà fún. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin náà kò to orúkọ àrùn sílẹ̀ pé èyí wọlé, èyí kò wọlé. Ohun tó ń béèrè ni pé: Ṣé àìlera náà yóò wà lára títí, tàbí kó pẹ́ gan-an? Ṣé ó dí ẹni náà lọ́wọ́ láti ríran, láti gbọ́ràn, láti ronú, láti rìn, láti gun àtẹ̀gùn, láti gbé nǹkan tàbí láti dìde? Ṣé ó sọ ara di aláìlágbára débi pé iṣẹ́ òòjọ́ di ìnira ńlá?

Nítorí náà, ènìyàn méjì lè ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọ̀kan ń lo oògùn, ó sì ń lọ sọ́jà rẹ̀. Èkejì ti fi rọpárọsẹ̀, apá ọ̀tún kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àrùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹnìkejì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó kan ẹni tí àtọ̀gbẹ mú kí wọ́n gé lẹ́sẹ̀. Ó kan ẹni tí fòníkúfọ̀ladìde ti ba egungun itan rẹ̀ jẹ́. Ó kan ẹni tí ẹ̀tẹ̀ ti san lára rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ìka rẹ̀ kò lè di nǹkan mú. Ó kan ọmọ tí yírunyírun sọ di adití, àwa tí a ń gbé lókè ọya sì mọ ohun tí yírunyírun máa ń ṣe nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Ó kan ẹni tí àìsàn ọpọlọ ń bá fínra.

Kí ni òfin ní kí wọ́n ṣe fún wọn? Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ilé ẹ̀kọ́ gíráámà. Ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba fún ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ. Níbi tí èrò bá tò sí, aláàbọ̀ ara ni kí wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn. Nínú òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, ó kéré tán 5 nínú 100 yẹ kó jẹ́ aláàbọ̀ ara, bó bá ti lè ṣeé ṣe tó. Òfin náà dá àjọ ìjọba àpapọ̀ sílẹ̀, NCPWD, òun ló sì lè fún ènìyàn ní ìwé ẹ̀rí pé aláàbọ̀ ara ni. Láti ọdún 2017 ni JAMB ti ní ètò ọ̀tọ̀ fún àwọn afọ́jú tó fẹ́ wọ yunifásítì. Òfin adójútòfò ìlera ti ọdún 2022 sì dá àpò owó sílẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn tí kò lágbára, aláàbọ̀ ara sì wà lára wọn.

Ọ̀rọ̀ ti àwọn òṣìṣẹ́ tún ṣe kókó. Òfin owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 kò yọ ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, kò yọ alágbàṣe sílẹ̀, kò sì yọ ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá sílẹ̀. Ẹni tó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tó àjọ NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Ọdún kan péré ni òfin fún ẹni náà láti béèrè owó. Bí ó bá di ẹni tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́ láé, òfin sọ pé kí wọ́n máa san 90 nínú 100 owó oṣù rẹ̀ fún un. Ẹ fi èyí wé owó ọkọ̀ tí à ń dọ̀bálẹ̀ gbà! Ẹni tó sì ní àkáǹtì owó ìfẹ̀yìntì, bí dókítà bá jẹ́rìí pé ara rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, òfin ọdún 2014 gbà á láàyè kó bẹ̀rẹ̀ sí gba owó rẹ̀ bí kò tilẹ̀ tíì pé ẹni 50 ọdún.

Àwọn kan á ní, "Ìjọba wo? Owó dà?" A kò ní tàn yín jẹ. Òfin ọdún 2019 kò sọ pé kí wọ́n máa san owó oṣù fún aláàbọ̀ ara kankan, ìyẹn gan-an sì ni àbùkù rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni wọ́n fún àwọn ilé ìjọba láti tún ọ̀nà àbáwọlé wọn ṣe. Ọdún márùn-ún náà pé ní 2024, àtẹ̀gùn ṣì ni aláàbọ̀ ara ń bá pàdé ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì. Ìtìjú ni fún ìjọba. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ní ọdún 2007, nígbà Gómìnà Sule Lamido, Ìpínlẹ̀ Jigawa bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn aláàbọ̀ ara ní ₦7,000 lóṣù. Irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tó wà nílẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ni wọ́n lè rò ó fún. Ẹni tí a ti gbé pamọ́, ta ni yóò kà á?

Àwọn akọ̀wé ọ́fíìsì mìíràn á ní, "Ẹ lọ gbà á ní ìpínlẹ̀ yín." Ẹ má ṣe bá wọn gbà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ni èyí, abala 42 nínú ìwé òfin 1999 sì lòdì sí fífi ìyà jẹ ọmọ Nàìjíríà nítorí ìlú tí ó ti wá.

Àwọn mìíràn á ní bí a bá gba ìwé, a ti gba àrùn. Ẹ̀yin ará, ìwé kò dí àdúrà lọ́wọ́. Ẹni tó ń gbàdúrà fún ìwòsàn ṣì ń jẹun, ọmọ rẹ̀ ṣì ń lọ sílé ìwé. Ní ti ẹ̀sín, ẹni òrìṣà ni àwọn baba wa ń pe abuké, arọ àti àfín. Wọn kì í jẹ́ kí ọmọdé fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Níbo la ti wá kọ́ ìtìjú yìí?

Nítorí náà, a ń béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Èkíní, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan yan ènìyàn méjì tó gbọ́ èdè ìlú tí a wà, tí wọn yóò máa bá ìdílé lọ sọ́dọ̀ dókítà àti sí ọ́fíìsì. Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé aláìsàn padà sílé láìgba ìwé dókítà ní ilé ìwòsàn tó ti tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè gbà wọ gbọ̀ngàn ìpàdé. A kò lè máa bu ìjọba nítorí àtẹ̀gùn kí tiwa náà wà níbẹ̀.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹ sunkún, ṣùgbọ́n ẹ wo déètì, ẹ wo ìwé. Ọlọ́run yóò wo àwọn aláìsàn wa sàn, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀tọ́ wọn ṣègbé mọ́ wọn lọ́wọ́. Àṣẹ.