ÀṢÉ ÌKA LÓJÚ! WÁYÀ TÓ KÉRÉ JU IRUN ORÍ LỌ FẸ́Ẹ́ FÚN ỌWỌ́ ONÍRỌ́BÀ LÓJÚ

Ẹ wo ìyá tó ń ra tòmátì lọ́jà. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́ pẹ́ẹ́, ó sì ti mọ èyí tó ti rà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, tí wọ́n wá fi ọwọ́ onírọ́bà sí i lára ńkọ́? Ó lè di ẹyin mú o, àmọ́ àfi kó tẹjú mọ́ ọn kó má baà fọ́ ọ. Ọwọ́ náà kò mọ nǹkan kan lára.

Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Zhong Lin Wang, Wenzhuo Wu àti Xiaonan Wen ṣe ní Georgia Tech, nílùú Atlanta, l'Amẹ́ríkà, lọ́dún 2013 nìyí.

Ìdí ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Lọ́dún 1880, tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, Jacques àti Pierre Curie, rí i ní Paris pé àwọn òkúta kan wà tó jẹ́ pé bí wọ́n bá tẹ̀ wọ́n, iná mànàmáná díẹ̀ á yọ lára wọn. Piezoelectric ni wọ́n ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Òun ló ń ṣáná nínú irú láítà tó máa ń dún kẹ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́.

Zinc oxide, lẹ́búlẹ́bú funfun tó wà nínú kálámáìnì tí àwọn ìyá ń fi pa ọmọ tí ara ń yún, ní ìwà yẹn. Òun ni wọ́n fi ṣe wáyà tíntìntín. Bí wọ́n bá to bí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni yóò tó fẹ̀ tó irun orí kan. Ta ló máa fọwọ́ to ìyẹn? Ṣe ni wọ́n mú kó hù bíi koríko lórí ṣíìpù, nínú omi kẹ́míkà tí kò gbóná tó omi híhó, kí ooru má baà ba ẹ̀rọ jẹ́.

Bí wọ́n bá tẹ wáyà náà, iná tó yọ níbẹ̀ á ṣe bí ẹni tó ń yí ẹnu ẹ̀rọ omi: á bù kún iná tó ń gba inú wáyà kọjá, tàbí kó dín in kù. Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti máa mọ bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tó.

Lórí ààyè tí kò ju èékánná lọ, ojúkò 92 lọ́nà 92 ni wọ́n tò, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,464! Wáyà bíi 1,500 ló wà lójúkò kọ̀ọ̀kan. Bí 240 péré ni ti ìka èèyàn.

Ṣé ó ti parí? Rárá o. Yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Ọwọ́ onírọ́bà gbọ́dọ̀ ká, kó nà, kó fara da omi àti eruku, kó sì rí ọ̀nà jíṣẹ́ fún ọpọlọ. Ẹni tó pàdánù ọwọ́ kò wá ọwọ́ tó kàn dára lójú. Ọwọ́ tó lè di ọmọ rẹ̀ mú láìfún un pa ló ń wá.